Bí a ṣe ń tún búrékì olóròóró tírélà ológun ṣe: M1101 àti M1102

Ní ilé wa, tí a bá ti dárúkọ tírélà, ọkọ̀ elérù gàgàrà tó ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ló máa ń wá síni lọ́kàn. Èyí tí à ń sọ níbí kì í ṣe ìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ Humvee, jíìpù ńlá wọn. Iléeṣẹ́ Silver Eagle ní ìlú Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, ló ń ṣe é. M1101 àti M1102 jọra bí ìbejì, àmọ́ M1101 kò gbọdọ̀ ju 3,400 lb lọ tòun ti ẹrù, ìyẹn bíi kílò 1,540; M1102 lè tó 4,200 lb, bíi kílò 1,905. Táyà Humvee gan-an ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Bí àwọn ológun bá lò ó tán, wọ́n á tà á ní gbàǹjo, ẹni tó bá sì fẹ́ tírélà tó lágbára fún ẹrù oko tàbí ẹrù ọjà á rà á.

Púpọ̀ nínú wọn ló ti dúró sójú kan pẹ́ kí wọ́n tó tà á. Ojú lásán kò lè rí ohun tí ìdúró yẹn fi búrékì ṣe. Táyà á dà bí tuntun, ọ̀dà ara rẹ̀ á ṣì máa dán, síbẹ̀ píìsítìnì inú sílíńdà ti lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kó ẹrù kankan sórí tírélà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà títí ẹ ó fi ṣí ẹsẹ̀ méjèèjì wò.

Ohun tó ń tẹ búrékì

Kò sí pẹ́dà. Kò sí wáyà tó ń gbé iná wá bá búrékì. Ìwúwo tírélà fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ̀ iwájú bá dín eré kù, tírélà ṣì fẹ́ máa lọ, yóò sì rọ́ síwájú sí ìdí ọkọ̀ náà. Orí ìfà rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní actuator, jẹ́ irin méjì tí ọ̀kan ń wọ inú èkejì. Bí tírélà bá ti rọ́ síwájú, irin iwájú á wọ inú tẹ̀yìn, á ti ọ̀pá kékeré kan, ọ̀pá á ti píìsítìnì másítà, ìyẹn sílíńdà àgbà tó wà nídìí orí ìfà, másítà á sì rán òróró lọ sí sílíńdà ẹsẹ̀ méjèèjì. Sílíńdà á ti bàtà búrékì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, láínìn wọn, ìyẹn ohun líle tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn lára, á sì gbá inú dírọ́ọ̀mù mú, ìyẹn agolo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà.

Ẹ wo bí ìrìn yẹn ṣe kúrú tó. Irin iwájú kò yẹ kó wọlé ju bí ínṣì kan lọ, ìyẹn 25 mm, kí búrékì tó mú dáadáa. Nínú ínṣì kan yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Òróró kì í fún pọ̀. Afẹ́fẹ́ a máa fún pọ̀ bíi kànìnkànìn. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù, tàbí tí láínìn bá jìnnà sí dírọ́ọ̀mù, ínṣì kan á ti tán kí búrékì tó mú. Nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ awakọ̀ á mọ̀ pé pẹ́dà ti rọ̀, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Tírélà kò lẹ́sẹ̀ tó máa fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Èyí ló fà á tí iṣẹ́ náà fi ní ètò tí kò ṣeé yí padà: ẹ kọ́kọ́ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà ẹ sún bàtà mọ́ dírọ́ọ̀mù, ìgbẹ̀yìn ni títú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá tú afẹ́fẹ́ kó tó sún bàtà yóò tún un tú lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀gbọ́n wọn kan wà, M105A2, tí àwọn ológun máa ń so mọ́ ọkọ̀ ńlá M35. Òróró ló ń ti bàtà búrékì tirẹ̀ náà, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti ọkọ̀ iwájú ló ń ti òróró yẹn, kì í ṣe ìrọ́síwájú tírélà. Ohun tí a máa sọ nípa sílíńdà ẹsẹ̀, páìpù àti òróró bá a mu. Ohun tí a máa sọ nípa actuator kò kàn án.

Òróró elésè àlùkò

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ti ń lo òróró búrékì oní-silicone, èyí tí ọjà ń pè ní DOT 5. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ológun ni MIL-PRF-46176. Lára ike àtijọ́, MIL-B-46176 ni wọ́n kọ. Elésè àlùkò ni àwọ̀ rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé kì í fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà ọkọ̀ lè dúró pẹ́ nínú àgbàlá láìjẹ́ pé òróró rẹ̀ bàjẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù yìnyín àti nínú aṣálẹ̀.

DOT 3 àti DOT 4 tó kún ṣọ́ọ̀bù gbogbo yàtọ̀ sí i pátápátá. Wọn kì í pò pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá da DOT 4 lé DOT 5 lórí, méjèèjì á wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú páìpù kan náà bí epo àti omi. Omi tí DOT 4 bá fà á rọ̀ sí ìsàlẹ̀ sílíńdà, ibẹ̀ ni ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀. DOT 5.1 kì í ṣe ọmọ ìyá DOT 5, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Ẹbí DOT 3 àti DOT 4 ni 5.1.

Ẹ má fi àwọ̀ nìkan dá ohun tó wà nínú tírélà yín mọ̀, torí pé àwọ̀ elésè àlùkò a máa ṣá bó bá pẹ́. Ẹ fi síríǹjì fa díẹ̀ nínú ilé òróró tó wà lórí másítà, ẹ dà á sínú ìgò funfun tí omi wà nínú rẹ̀, ẹ mì ín, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bó bá léfòó sókè omi tí ààlà sì hàn láàárín wọn, silicone ni. Bó bá pò mọ́ omi pátápátá, DOT 3 tàbí DOT 4 ni ẹnì kan ti dà sí i. Bí apá kan bá pò, tí apá kan léfòó, ẹnì kan ti pa méjèèjì pọ̀: gbogbo rọ́bà inú sílíńdà àti másítà ní láti yí padà, kí ẹ sì ṣan páìpù.

Ìmọ̀ràn wa ni kí ẹ dúró lórí DOT 5 bó bá jẹ́ òun lẹ bá níbẹ̀. Kì í jẹ ọ̀dà, kì í fa omi, ooru rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 260°C kó tó hó. DOT 4 tuntun ń hó ní 230°C, DOT 3 ní 205°C, bí wọ́n bá sì ti fa omi, 155°C àti 140°C ni wọ́n ń bọ́ sí. Àléébù DOT 5 kan ṣoṣo ló máa yọ yín lẹ́nu: ó máa ń di ìhó kéékèèké mú sínú ara rẹ̀. Ẹ má mi ike rẹ̀. Ẹ má dà á láti òkè. Ẹ jẹ́ kó rọra gba ara ilé òróró ṣàn wọlé, kí ẹ sì ti gbé ike náà kalẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ohun tí ẹ máa nílò

Lítà kan òróró tó fún páìpù tó gbẹ. Ẹ ra lítà méjì bí ẹ bá fẹ́ ṣan èyí tó wà níbẹ̀ jáde. Jáàkì, sítáǹdì irin méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé tọ́ọ̀nù 3, àti igi tàbí wẹ́ẹ̀jì mẹ́rin. Sípánà páìpù, irú èyí tó ń di nọ́ọ̀tì mú yíká tó kù ẹnu díẹ̀; iwọ̀n 3/8 àti 7/16 ínṣì ló máa ń ṣiṣẹ́ jù. Sípánà olójú méjì lásán máa ń gé orí nọ́ọ̀tì páìpù, nígbà tí igun nọ́ọ̀tì bá sì ti jẹ tán, páìpù lẹ ó gé. Rọ́bà funfun tó ń fi inú hàn, tí ihò rẹ̀ tó 5 mm, bíi mítà kan. Ìgò òfìfo. Síríǹjì ńlá 60 ml. Òróró tó ń tú ìpẹtà. Brake cleaner, ìyẹn oògùn ìfọ búrékì, agolo méjì. Sáńpépà 400 àti 600. Irin títẹ̀ tí wọ́n fi ń yí eléyín inú búrékì, èyí tó ń sún bàtà mọ́ dírọ́ọ̀mù. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú, kí ìbòjú náà jẹ́ irú tó ń dá eruku dúró gan-an.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú rẹ̀: bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, dísẹ́ẹ̀lì, gírísì lásán. Mẹkáníìkì púpọ̀ ló mọ́ lára láti fi bẹntiróòlù fọ sílíńdà. Ohunkóhun tó bá ti inú epo rọ̀bì wá máa ń wú rọ́bà búrékì, rọ́bà tó bá wú á há, búrékì ò sì ní tú mọ́.

Gbígbé sókè àti ṣíṣí dírọ́ọ̀mù

Ẹ gbé tírélà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí orí ìfà rẹ̀ tẹ́jú bó ṣe máa ń wà nígbà tó bá so mọ́ ọkọ̀, torí pé bó bá dorí kodò afẹ́fẹ́ á sá pamọ́ sínú másítà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Ẹ gbé e sókè, ẹ ki sítáǹdì sábẹ́ férémù, ẹ tì í pẹ̀lú ọwọ́ wò bóyá ó dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tú búrékì ọwọ́ sílẹ̀, torí dírọ́ọ̀mù ò ní jáde bí búrékì ọwọ́ bá ṣì di bàtà mú.

Dírọ́ọ̀mù tó ti pẹ́ máa ń há. Inú rẹ̀ ti jẹ, etí rẹ̀ ti yọ sókè, etí yẹn ló ń di láínìn mú. Ẹ ki irin títẹ̀ gba ihò tó wà lẹ́yìn búrékì, ẹ yí eléyín sẹ́yìn kí bàtà lè súnmọ́ra wọn, dírọ́ọ̀mù á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Òòlù irin ò dára fún un. Bó bá di dandan, ẹ lo òòlù rọ́bà, kí ẹ sì máa lù ú yípo.

Ẹ má fẹ́ eruku inú rẹ̀, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ẹnu tàbí pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Láínìn àtijọ́ lè ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó hàn. Ẹ fi brake cleaner tàbí omi ọṣẹ rẹ ẹ́, ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ di aṣọ náà sínú ọ̀rá kí ẹ tó jù ú nù.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Bí láínìn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ bá ti kù ní 1.6 mm sókè irin, ẹ yí i padà. Èyí tí wọ́n kàn ní rífẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ dín ní 0.8 mm sókè orí rífẹ́ẹ̀tì. Bí òróró tàbí gírísì bá ti kan láínìn, kò sí fífọ̀ tó lè gbà á là: ó ti mu ún sínú, ooru àkọ́kọ́ ló máa tú u jáde. Ẹ máa yí láínìn ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì padà pọ̀, torí bí ọ̀kan bá tuntun tí èkejì gbó, tírélà á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọ̀ sípíríǹgì náà ṣe pàtàkì: èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti jó ti gba ooru jù, ó ti rọ̀. Iwọ̀n tí dírọ́ọ̀mù ò gbọdọ̀ kọjá wà lára rẹ̀ gan-an, wọ́n kọ ọ́ sí i ní ilé ìyọ́rin pẹ̀lú MAX DIA níwájú rẹ̀.

Kí ẹ tó tú sípíríǹgì, ẹ ya fọ́tò ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì tú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan kí èkejì lè jẹ́ àpẹẹrẹ fún yín. Bí bàtà méjì inú ẹsẹ̀ kan ò bá dọ́gba, èyí tí láínìn rẹ̀ kúrú ló máa ń kọjú sí iwájú tírélà. Ẹni tó bá gbé e sẹ́yìn á rí i pé búrékì ò mú tó bó ṣe yẹ, á sì fi ọjọ́ púpọ̀ wá afẹ́fẹ́ tí kò sí.

Sílíńdà ẹsẹ̀

Ẹ ká etí rọ́bà tó bo sílíńdà sókè. Bí ibẹ̀ bá tutù, sílíńdà ti ń jò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kán òróró ò tíì kan ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òróró ṣe máa ń tán nínú ilé òróró tí ẹnikẹ́ni ò rí ibi tó gbà lọ.

Lẹ́yìn náà ẹ gbìyànjú nípù ìtú-afẹ́fẹ́, ìyẹn nọ́ọ̀tì kékeré oníhò ara sílíńdà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyí: nípù á gé sínú. Ẹ da òróró ìpẹtà sí i láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ lo sípánà olójú mẹ́fà tó bò ó mọ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fún un mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ìpẹtà lè já, ẹ tó wá tú u. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fi òòlù kékeré kan ara sílíńdà yípo. Bó bá gé, ẹ má fi àkókò ṣòfò láti lu ihò sí i. Sílíńdà tuntun ló kàn.

Àtúnṣe sílíńdà ṣeé ṣe bí inú rẹ̀ bá dán. Ẹ yọ píìsítìnì méjèèjì, rọ́bà méjèèjì àti sípíríǹgì àárín. Ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò. Àbàwọ́n dúdú tí èékánná ò lè mọ̀ kò burú. Ẹ fi sáńpépà 600 tí ẹ rẹ sínú òróró búrékì nù ún yípo, kì í ṣe láti iwájú sẹ́yìn. Bí èékánná bá há sínú ihò ìpẹtà, ẹ ju sílíńdà náà nù. Rọ́bà tuntun ò lè dí ihò yẹn pẹ́. Isàlẹ̀ sílíńdà ni ìpẹtà tí ń bẹ̀rẹ̀ nínú tírélà oní-silicone, torí ibẹ̀ ni omi tó bá gba ìdérí wọlé ń lọ jókòó sí.

Ẹ fi òróró búrékì kan náà tí ẹ máa lò pa ara rọ́bà tuntun, ẹ rọra tì í wọlé, ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ tó là sílẹ̀ kọjú sí àárín. Nígbà tí ẹ bá ń dá sílíńdà padà, nípù gbọ́dọ̀ wà lókè ju ibi tí páìpù wọ̀ lọ. Ibi gíga ni afẹ́fẹ́ ń kó jọ sí.

Béárìn inú họ́ọ̀bù yẹ fún gírísì tuntun nígbà tí ẹ ti débẹ̀. Ẹ fún nọ́ọ̀tì béárìn bí ẹ ti ń yí họ́ọ̀bù kó lè jókòó, ẹ tú u pátá, ẹ tún fi ìka nìkan fún un, ẹ wá fi píìnì tuntun dè é.

Páìpù àti rọ́bà

Ẹ fi aṣọ nu páìpù láti orí dé ìdí, kí ẹ máa fi ìka wò ó. Níbi tí irin tó dì í mú bò ó ni ìpẹtà máa ń pamọ́ sí. Páìpù tó ti jẹ ò ní àtúnṣe. Ẹ yí i padà pátá. Irin tàbí àdàlù bàbà àti nickel ló dára. Bàbà lásán, irú ti ẹ̀rọ amúlétutù, kò bá búrékì lọ: bó bá gbọ̀n pẹ́ á sán. Páìpù 3/16 ínṣì ń lo nọ́ọ̀tì 3/8-24. Ti 1/4 ínṣì ń lo 7/16-24. Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mejì ní igun 45.

Rọ́bà búrékì, èyí tí òróró ń gba inú rẹ̀ kọjá, ń gbó láti inú, kì í ṣe láti ìta. Inú rẹ̀ á wú títí á fi di ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí apá kan: òróró á kọjá lọ, kò ní lè padà, búrékì ẹsẹ̀ yẹn á sì máa gbóná láìtú. Rọ́bà tó ti ju ọdún 10 lọ, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Ẹ yí i padà.

Actuator àti másítà

Ẹ di orí ìfà mú, ẹ tì í wọlé kí ẹ sì fà á jáde. Ó yẹ kó rọra lọ, kó sì máa tako díẹ̀ ní ìrọ̀rùn, torí ṣọ́ọ̀kì wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó gbá. Bó bá kàn lọ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìtakò, ṣọ́ọ̀kì ti kú; ẹ máa gbọ́ ìró gbàgà nígbà kúgbà tí ẹ bá dúró. Bí kò bá lọ rárá, ìpẹtà ti dì í. Tírélà yẹn kò ní búrékì kankan, kódà bí gbogbo ohun tó kù bá tuntun. Ẹ nu ìpẹtà kúrò, ẹ fi gírísì pa ibi tí irin ti ń wọ inú irin, kí ẹ má jẹ́ kó dé ibi rọ́bà másítà.

Ẹ ṣí ilé òróró. Ẹ fa òróró àtijọ́ tán pẹ̀lú síríǹjì, ẹ nu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì púpọ̀: òun ni òróró ń gbà padà sílé nígbà tí búrékì bá tú. Bí ìdọ̀tí bá dí i, búrékì á máa mú díẹ̀díẹ̀ sí i títí yóò fi di. Wáyà tín-ín-rín tó rọ̀ lẹ máa fi ṣí i, kì í ṣe abẹ́rẹ́ líle tó lè fi ojú sára irin. Láàárín ọ̀pá ìtì àti píìsítìnì másítà, àlàfo bíi 1.5 mm gbọ́dọ̀ wà nígbà tí orí ìfà bá jáde tán, torí bí kò bá sí, píìsítìnì á bo ihò yẹn nígbà gbogbo.

Másítà tuntun tàbí èyí tí ẹ tú, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lórí tábìlì kí ẹ tó dá a padà: ẹ fi rọ́bà kúkúrú so ẹnu ìjáde rẹ̀ padà sínú ilé òróró, ẹ rọra ti píìsítìnì títí ìhó á fi dẹ́kun.

Sísún bàtà mọ́ dírọ́ọ̀mù

Ẹ dá dírọ́ọ̀mù padà, ẹ gbé táyà sí i. Ẹ yí eléyín láti ẹ̀yìn títí táyà ò fi ní ṣeé fi ọwọ́ yí mọ́. Èyí á gbé bàtà sí àárín. Ẹ wá yí i padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí táyà á fi yí, tí ẹ ó sì máa gbọ́ kí láínìn máa ha dírọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́. Ìhafẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni ẹ fẹ́. Níwájú nìkan ni kí ẹ máa yí táyà sí nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Títú afẹ́fẹ́

Ẹni méjì ló dára fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan lè ṣe é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ tí páìpù rẹ̀ gùn jù sí másítà.

1. Ẹ kún ilé òróró. Ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ nígbà kankan títí iṣẹ́ á fi parí, torí bó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ ki rọ́bà funfun mọ́ nípù, ẹ ri ìdí rẹ̀ sínú òróró díẹ̀ nínú ìgò. Kí rọ́bà náà kọ́kọ́ gòkè kó tó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó lè rí ìhó bó ṣe ń jáde.

3. Ẹ ṣí nípù ìdá mẹ́rin àyíká kan, ẹ jẹ́ kó ṣàn fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ìyẹn nìkan ń kó afẹ́fẹ́ púpọ̀ lọ, kò sì ń dá ìhó sílẹ̀. Ẹ pa nípù dé.

4. Ẹnì kan á ti ọ̀pá másítà. Ọ̀pọ̀ actuator ní ihò lábẹ́ tí ọ̀pá irin tàbí sikurudíráfà ńlá lè gbà wọlé fi ti ọ̀pá yìí; ibòmíràn, léfà ìjábọ́ tí wọ́n so mọ́ ṣéènì (èyí tó ń tẹ búrékì bí tírélà bá já kúrò lára ọkọ̀) lẹ máa fi fà á, kí ẹ sì máa tú eyín tó dì í mú lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti tì í tó sì dì í mú, ẹnìkejì á ṣí nípù. Òróró á jáde. Kí ẹnìkejì pa nípù dé KÍ ẹni iwájú tó tú ọ̀pá sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi èyí ṣeré, afẹ́fẹ́ á padà wọlé láti ẹnu nípù.

5. Ẹ rọra ṣe é. Ìtì kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, ìsinmi ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ẹni tó bá ń tì í kíákíá á pò DOT 5 bí ẹni po ẹ̀kọ, ìhó tó pò sínú rẹ̀ ò sì ní jáde lọ́jọ́ yẹn.

6. Ìtì 15 sí 20 ní ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa bu òróró kún ilé lẹ́yìn ìtì 5. Bí òróró bá ti ń jáde ní mímọ́ láìsí ìhó, ẹ fún nípù, 8 sí 10 Nm tó, ẹ bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì.

7. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, tàbí di ọjọ́ kejì bí àyè bá wà. Ìhó kéékèèké á ti para pọ̀ di ńlá, á sì ti gòkè. Ẹ tún ṣe ẹsẹ̀ méjèèjì, ìtì 5 sí 8. Ó máa yà yín lẹ́nu láti rí bí afẹ́fẹ́ ṣe tún jáde.

Ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́ lè fi ẹ̀rọ tó ń ti òróró láti ẹnu ilé òróró ṣe é: 10 sí 15 psi tó, ẹ má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kẹta ni láti fi síríǹjì ti òróró láti nípù sókè, torí òkè ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ máa fa òróró kúrò nínú ilé òróró kó má baà ṣàn kúnlẹ̀.

Ìdánwò

Ẹ fa léfà ìjábọ́ títí á fi há, ẹ gbìyànjú láti yí táyà méjèèjì síwájú nígbà tí wọ́n ṣì wà lókè. Wọn ò gbọdọ̀ yí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Bí ọ̀kan bá tú, ó ń jò. Ẹ tú léfà, táyà méjèèjì gbọ́dọ̀ yí padà lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ẹ so tírélà mọ́ ọkọ̀ láìsí ẹrù, ẹ wà á ní pápá tó ṣófo ní kìlómítà 30 ní wákàtí, ẹ dúró nígbà mẹ́wàá. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru láìfọwọ́kàn wo dírọ́ọ̀mù méjèèjì. Kí wọ́n súnmọ́ra. Bí ọ̀kan bá gbóná púpọ̀ ju èkejì lọ, ẹ wo ìsún-bàtà, rọ́bà búrékì àti sílíńdà ẹsẹ̀ tó gbóná. Bí ọ̀kan bá tutù pátápátá, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀ tàbí píìsítìnì rẹ̀ ti lẹ̀. Ẹ wọn bí orí ìfà ṣe wọlé tó nígbà tí ẹ bá dúró: bó bá ju 25 mm lọ, ẹ padà sórí eléyín kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan afẹ́fẹ́.

Ẹni tó bá ń fi tírélà ṣòwò ní Amẹ́ríkà, láti 2007 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti gba irú búrékì yìí láàyè fún ọkọ̀ òwò, níwọ̀n ìgbà tí ìwúwo tí wọ́n kọ sára tírélà, bí kò bá ju 12,000 lb lọ, kò bá ju ìlọ́po 1.75 ti ọkọ̀ tó ń fà á. Léfà ìjábọ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ṣéènì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ so mọ́ ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe mọ́ ìkọ́ ìfà, torí bí ìkọ́ bá já, ṣéènì tó so mọ́ ọn á bá a lọ.

Bí búrékì bá ń mú nígbà tí ẹ bá ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, kò tíì bàjẹ́: ọkọ̀ ń ti orí ìfà wọlé gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó bá ń dúró ni. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú kì í ṣe ìdààmú. Lórí òkè tàbí nínú ẹrẹ̀ ni ó ń di, ẹ fi ohun ìdènà orí ìfà sí i bí tiyín bá ní i, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó bọ́ sójú títì.

Lọ́dọọdún, ẹ ṣí ilé òróró, ẹ fa òróró ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta sínú ìgò funfun, ẹ wò bóyá ẹ̀kán omi wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣí nípù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí 50 ml jáde. Tírélà tó bá dúró sójú kan, ẹ máa ti orí ìfà rẹ̀ wọlé nígbà márùn-ún lóṣù, kí rọ́bà àti píìsítìnì má baà rí àyè lẹ̀ mọ́ra.